Ìkòkò tí mo rà lórí fóònù

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo kọ nǹkan kẹ́yìn, iná tí wọn ò mú wá ló kọ́kọ́ fà á, nígbà tó yá ó di ọ̀lẹ, ẹ má bínú sí mi.

Ìkòkò kan wà lórí káńtà níwájú mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ìkòkò gidi ni o, ó ní ọmọrí gíláàsì, ó ní etí méjì, ó pupa bí ata rodo, ìdí ẹ̀ nípọn dáadáa. Báírò mẹ́rin, sísọ́ọ̀sì kan àti rọ́bà tí mo fi ń di owó ló wà nínú ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí báírò wà níbi tó yẹ kí ọbẹ̀ wà ni pé ìkòkò yìí ò gbà ju ẹyin mẹ́ta lọ, tí ìkẹrin bá wọlé ọmọrí ò ní dé mọ́.

Orí Instagram ni mo ti rí i, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, àsìkò tó yẹ kí wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n gbé ìkòkò sórí tábìlì funfun, wọ́n fi òdòdó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n tan iná sí i, ojú mi bá ṣe ìṣirò fúnra ẹ̀, ó ní ìkòkò ọdún rèé, èyí tí a fi ń se ìrẹsì Kérésì fún gbogbo àdúgbò. ₦9,500 péré! Mo ní ẹni yìí ò mọ iye tí wọ́n ń ta ìkòkò lóde ni, kí n tètè sanwó kí ojú ẹ̀ tó là. Wọ́n kọ 12cm sábẹ́ fọ́tò náà. Mo rí i o. Mo rí i bí èèyàn ṣe ń rí nọ́ńbà mọ́tò tó sáré kọjá.

Nígbà tí ìkòkò dé, Ìyé mi ló tú páálí. Ó mú un jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kan, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó wò mí lójú, ó ní, “Ta ló bímọ?”

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ọmọ náà ní sùúrù, kò pariwo, ó kàn ní “Ẹ̀gbọ́n, sáìsì wà níbẹ̀ o.” Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Mo ní ṣé mo lè dá a padà kí n fi owó lé e gba ńlá, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n èmi ni màá san owó wébíìlì àlọ, èmi náà ni màá san ti àbọ̀, ₦3,500 lọ́nà kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Mo dúpẹ́, mo gé fóònù, mo kó báírò sínú ìkòkò.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Jámánì ni mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, nígbà tó dákẹ́ ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú dá a padà fún wọn.” Ẹ gbọ́ mi o, ẹ kúkú dá a padà, bí ẹni pé àwo ni mo yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, òun náà ló sì bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọjà ọ́ńláìnì ọjà ọ́ńláìnì ni níbi gbogbo, fóònù kan náà, dátà kan náà, ẹ tẹ ibí, ẹ tẹ ọ̀hún, ẹrù dé. Irọ́ ni o.

Bí òun ṣe ń ra bàtà rèé. Á pe mẹ́ta wá, 42, 43 àti 44, bàtà kan náà o. Á wọ̀ wọ́n kiri inú pálọ̀, á mú èyí tó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ mu, á di méjì tó kù padà sínú páálí tí wọ́n fi gbé e wá, á lẹ ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ fún un mọ́ ọn lára, á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á, ó parí. Mo ní owó ńkọ́? Ó ní owó wo, òun ò tíì san kọ́bọ̀. Mo ní kí ló dé! Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, Kauf auf Rechnung ni wọ́n ń pè é, ìwé owó ló máa ń tẹ̀lé ẹrù wá, wọ́n á fún ẹ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan kí o fi san án, bàtà tó o bá sì ti dá padà ò ní sí nínú owó yẹn. Ẹni tó ní ọjà ti kó ọjà fún ẹ, o ti wọ̀ ọ́ jó nínú ilé, kò tíì rí owó, ó sì ń sùn!

Dídá padà yẹn, òfin ló wà lẹ́yìn ẹ̀, kì í ṣe àánú. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú European Union ló ní in, láti oṣù kẹfà ọdún 2014 ni wọ́n ti mú un dọ́gba: ẹni tó bá ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti ìgbà tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tó lè fi sọ pé òun ò fẹ́ mọ́, kò sì ní ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni pé kí ló dé. Àwọn ọjà kan wà tí kò sí nínú ẹ̀, bí oúnjẹ tó lè bàjẹ́, tàbí aṣọ tí wọ́n dìídì rán fún ẹ. Ìkòkò wà nínú ẹ̀ o, mo béèrè. Kódà Zalando tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berlin ní 2008, tó ń ta aṣọ àti bàtà, fúnra wọn sọ pé bí ìdajì ohun tí àwọn ń kó jáde ló ń padà wá bá àwọn. Ìdajì! Ká ní ní Kàbà níbí ni, ọjọ́ kejì ni oníṣọ́ọ̀bù á ti kó wọ ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀ ní abúlé.

Mo ronú ẹ̀ títí, ó wá jọ nǹkan kan lójú mi. Mo ní, òṣómàáló mà ni àwọn ará Jámánì yìí! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré lè má mọ̀ ọ́n. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri ìlú láyé àwọn bàbá wa ni, wọ́n á kó aṣọ fún ẹ láwìn, wàá rán an, wàá fi ṣọdún, ọjọ́ tí àdéhùn bá pé wọ́n á dé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ, wọn ò ní jókòó, wọn ò ní jẹun, òṣó ni wọ́n máa ló títí owó á fi jáde. Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, lẹ́tà ló ń lóṣòó ní tiwọn. Èyí àkọ́kọ́ á kí ẹ dáadáa, ó ní bóyá o gbàgbé ni. Ìkejì á fi owó díẹ̀ lé e. Ìkẹta, ilé iṣẹ́ agbowó ló máa kọ ọ́, ìyẹn ò sì ní kí ẹ. Lẹ́tà yẹn ò ní ṣìnà, torí ibi tí àbúrò mi ń gbé wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, orúkọ ẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, nọ́ńbà wà lára ilé. Ọlọ́jà Jámánì gbà ẹ́ gbọ́ torí ó mọ ibi tó ti máa bá ẹ.

Èmi ńkọ́? Ta ló mọ ibi tó ti máa bá mi?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ra nǹkan lórí ẹ̀rọ ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtajà ńlá, wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà ilé. Ilé wa ò ní nọ́ńbà. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ọ̀nà. Ọ̀nà wa ní orúkọ mẹ́ta, ó dá lórí ẹni tó o bá bi. Wọ́n ní postcode, mo mọ̀ pé mẹ́fà ni nọ́ńbà tí NIPOST ń lò, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiwa, mo kọ ọ̀kan ṣáá. Níbi tí wọ́n ti ní kí n ṣe àlàyé síwájú sí i ni mo ti wá rí ẹnu sọ̀rọ̀, mo kọ ọ́ pé: tó o bá ti kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, wo ọwọ́ òsì, ilé tó ní tánkì dúdú lórí, má wọ géètì àkọ́kọ́ torí ajá, béèrè ìyá oní-POS. Fóònù ní ọ̀rọ̀ náà ti gùn jù. Mo yọ ajá kúrò.

Bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe di àdírẹ́ẹ̀sì fún èyí tó ju ogún ilé lọ nìyẹn. POS ni mò ń ṣe, mò ń ta páòṣì fóònù àti ṣájà, mo sì ń bá àwọn èèyàn pe ọjà wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì torí ojú ò jẹ́ kí wọ́n ríran tàbí torí ẹ̀rù ń bà wọ́n. Orúkọ mi ni wọ́n ń kọ sára páálí gbogbo. Tíṣà kan ra bùlẹ́ńdà, orúkọ mi. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ra wíìgì, orúkọ mi. Bàbá kan tó wá láti Ìyàrà ra oògùn tí wọ́n ní ó ń mú irun hù, ìyẹn náà, orúkọ mi ló wà lára ẹ̀, mo sì fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé e kó tó wá mú un.

Nígbà tí mo ń kà nípa Jàpáànù ni mo rí i pé èmi nìkan kọ́. Wọ́n ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kan tí kì í tì, tọ̀sántòru, konbini ni wọ́n ń pè é, o lè ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí o má lo káàdì rárá, wàá mú nọ́ńbà kan lọ síbẹ̀, wàá kówó kalẹ̀ lórí káńtà, wàá tún lè ní kí wọ́n gbé ẹrù ẹ wá síbẹ̀ kó o lọ mú un bó o ṣe ń bọ̀ láti ibiṣẹ́. Àwọn tó láwọn ń ṣe ọkọ̀ ojúurin tó ń sáré bí ìbọn! Inú mi dùn débi pé mo sọ fún Ìyé mi pé konbini ni mí. Ó ní kí n máa jẹ́ kí wọ́n san owó ìpamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹrù ṣe ń dé gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó tajà fún ẹ l'Ékòó á gbé e lọ sí gáréèjì, á kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹ sára páálí pẹ̀lú máákà, á fi lé dírẹ́bà lọ́wọ́, á fi nọ́ńbà dírẹ́bà ránṣẹ́ sí ẹ. Kò sí ìwé, kò sí rìsíìtì, wébíìlì lásán là ń pè é. Mọ́tò á gba Àkúrẹ́, á gba Ọ̀wọ̀, á gba Àkókó, títí á fi wọ ilẹ̀ wa, ihò ọ̀nà ń bẹ, tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń ti Ọbájánà bọ̀ ń bẹ, ìgbà mìíràn ilẹ̀ á ṣú kó tó dé. Dírẹ́bà á pè ẹ́ pé òun ti wà ní gáréèjì o, òun ò ní pẹ́. Mo lọ báyìí lọ́jọ́ ìkòkò yẹn. Ó ṣí bọ́ọ̀tù, àpò ẹ̀wà wà lókè, adìẹ méjì tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ wà lábẹ́, páálí mi ti tẹ̀ ní igun kan, ó ń rùn ẹja gbígbẹ. Mo na ọwọ́ sí i. Dírẹ́bà ní, “Ẹ dúró ná, màmá.” Ó mú fóònù ẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà tó wà lára páálí. Fóònù ọwọ́ mi dún. Ó wo fóònù, ó wo ojú mi, ó gbé páálí fún mi. Kò béèrè káàdì, kò ní kí n buwọ́ lùwé, ó ti rí ohun tó ń wá. Tí bátìrì mi bá ti kú lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ á di iyàn.

Owó mi ti lọ láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn o, kí dírẹ́bà tó gbéra. Tiwa nìyẹn, ẹni tó ń ra ọjà ló kọ́kọ́ ń bọ́ sódò. Àwọn tó ń tà lórí Instagram àti WhatsApp ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, owó kí ọjà tó gbéra, owó tó bá sì ti wọlé kò ní jáde mọ́. N kò bá wọn wí tán, torí àwọn kan wà tí wọ́n á ní kí wọ́n gbé ọjà wá, nígbà tó bá dé wọ́n á pa fóònù, ta ló máa san owó mọ́tò? Òfin 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń gbèjà ẹni tó ń rajà, sọ pé ẹni tó rajà ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà tí nǹkan bá rí báyìí báyìí, àmọ́ ta ló máa gbé ìkòkò ẹyin mẹ́ta lọ sí kóòtù?

Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní 2012, wọ́n mọ̀ pé Nàìjíríà ò ní sanwó fún ohun tí kò rí, wọ́n bá ní kí èèyàn san nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ará Íńdíà náà ti ṣe irú ẹ̀, Flipkart, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀ ní 2010, torí tiwọn náà, a rí i ká tó gbà á ni. Mo fẹ́ràn ètò yẹn púpọ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹni tó gbé ọjà wá náà ló gbówó, ó gbé owó àti ọjà kiri lórí ọ̀kadà láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Òun náà bímọ sílé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka ìwé níbí ń ṣòwò ní Guangzhou, òun ló ṣàlàyé ti Ṣáínà fún mi, mo sì rò pé àwọn ni wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ jù lọ. Ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Alibaba dá Taobao sílẹ̀ ní 2003, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Nígbà yẹn, ẹ̀rù tó ń bà wá níbí ló ń ba àwọn náà, ẹni tó ń rà ní òun ò ní san kí òun tó rí i, ẹni tó ń tà ní òun ò ní gbé e sílẹ̀ kí òun tó rówó. Kò pẹ́, nígbà tó fi máa di 2004, Alipay ti dé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó dúró láàárín. Ẹ mọ bí a ṣe ń ra ilẹ̀ tí a ò bá tíì fọkàn tán ara wa, a máa ń gbé owó sọ́wọ́ àgbà kan títí ìwé á fi dé. Alipay ni àgbà yẹn. Owó rẹ á kúrò lọ́wọ́ rẹ, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tajà, ẹni tó tajà á kàn rí i pé owó ti wà nílẹ̀, á gbé ọjà ránṣẹ́, ọjọ́ tó o bá tú u tó o sọ pé o ti rí i gbà, ọjọ́ yẹn ni owó máa lọ bá a. Tó bá jẹ́ pé irú ìkòkò yìí ló dé, ẹ ṣì lè jà á kí owó tó kúrò nílẹ̀.

Ohun kejì tó sọ fún mi, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní wọ́n ń ná ọjà! Taobao fi ibi tí wọ́n ti ń bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ síbẹ̀, kó o tó sanwó wàá bi í pé ṣé èyí ò ní ṣá, ṣé ẹ lè yọ díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ fi ọ̀kan ṣe èènì. eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti àwọn ará Amẹ́ríkà, náà wọ Ṣáínà láyé ìgbà yẹn, owó wà lọ́wọ́ wọn, orúkọ wà, ní òpin 2006 wọ́n fi ọjà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílé. Ọ̀pọ̀ ohun ló fà á, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní èyí tí òun gbà gbọ́ jù ni pé wọn ò jẹ́ kí ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà rí ara wọn bá sọ̀rọ̀. Irú ọjà wo nìyẹn? Èmi tí mi ò lè ra ẹ̀fọ́ ₦200 láì sọ pé “ẹ̀fọ́ yìí ti rọ o.”

Wọ́n tún ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń ya wèrè, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, nọ́ńbà ọ̀kan mẹ́rin tó dá dúró, wọ́n ní ọjọ́ àwọn àpọ́n ni, Alibaba sọ ọ́ di ọjọ́ ẹ̀dínwó ní 2009. Kí àpọ́n ra nǹkan fún ara ẹ̀. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé tí wọ́n bá ṣe irú ẹ̀ níbí, àwọn màmá ìjọ á ti gbé àwẹ̀ kalẹ̀ fún un.

Mọ̀lẹ́bí wa kan wà ní Amẹ́ríkà, ti àwọn yẹn kúrú, wọ́n kàn ń ju ẹrù sẹ́nu ọ̀nà ni. Ìgbà mìíràn ẹni tó gbé e wá ò ní kanlẹ̀kùn, á gbé e sílẹ̀, á ya fọ́tò ẹ̀, á lọ, ẹrù á wà níta títí ẹni tó ni í á fi ti ibiṣẹ́ dé. Àwọn olè wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa tẹ̀lé mọ́tò yẹn kiri, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa gbé kámẹ́rà sára aago ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ gbé irú ẹ̀ wá sí Kàbà ná. Kí olè tó débẹ̀, ewúrẹ́ ti jẹ páálí tán, àwọn ọmọ ilé ẹ̀yìn ti fi rọ́bà inú ẹ̀ ṣe bọ́ọ̀lù.

Àwọn ará Kẹ́ńyà ló dà bíi pé wọ́n tètè jí nínú wa, M-Pesa ti wà lọ́wọ́ wọn láti 2007, orí fóònù onítẹ̀ẹ́tẹ̀ lásán ni wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́. Ní tiwa, ìyà ló kọ́ wa. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní ká dá owó àtijọ́ padà tí a ò sì rí tuntun gbà? Mo rí nǹkan lórí bẹ́ǹṣì yìí o. Àwọn màmá tó máa ń bú mi tẹ́lẹ̀ pé àwọn ò fẹ́ owó tí kì í ṣe ariwo, àwọn ni wọ́n ń bọ̀ láàárọ̀ kùtù pé kí n kọ́ àwọn bí tiránsífà ṣe ń wọlé. Màmá kan tó ń ta iṣu lójú ọ̀nà, kò mọ̀wé, ó kọ́ bí àlátì ṣe ń rí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kì í ka ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ rárá, iye òdo ló ń kà. Títí dòní, tí owó bá wọlé ó ṣì máa ń na fóònù sí mi, “Ọmọ mi, òdo mélòó lèyí?”

Màmá yẹn gan-an ti di oníṣòwò ọ́ńláìnì báyìí, ó ju gbogbo wa lọ. Ọmọ ẹ̀ tó wà l'Ékòó ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ní kí wọ́n máa ya iṣu kó sórí WhatsApp, nígbà tó yá àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Èmi ni mò ń bá a ya fọ́tò. Kò jẹ́ kí n ya iṣu nìkan. Ó máa ń to ó sílẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, á bọ́ bàtà ọ̀tún, á na ẹsẹ̀ ẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Yà á báyìí, kí wọ́n rí bó ṣe tó.” Ẹsẹ̀ tó ti ń rin oko láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, eruku pupa wà lára ẹ̀, iṣu kan gùn jù ú lọ. Àwọn ará Èkó á fi fóìsì nóòtì ná an, òun náà á fi fóìsì nóòtì dá wọn lóhùn, wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á bèèrè ilé, á yọ ₦500, á fi kékeré kan ṣe èènì, wọ́n á fi owó ránṣẹ́, á di iṣu sínú àpò, ó di gáréèjì. Ká ní ẹni tó ta ìkòkò fún mi gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni, dípò òdòdó, mi ò ní kó sí i.

Ẹ dúró ná, ẹnìkan ń pè mí níta.

Mo ti dé. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, màmá oníṣu náà ni o. Ọmọ ẹ̀ obìnrin bímọ lánàá, ọkùnrin làǹtìlanti, ayọ̀ ni wọ́n wá bá mi sọ. Bí a ṣe ń yọ̀ ni ojú ẹ̀ bọ́ sí ìkòkò. Ó da báírò mi sórí káńtà, ó kan ìdí ìkòkò pẹ̀lú ìka, ó gbé ọmọrí sí etí ẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ohùn. Ó ní eélòó ni, ògì ọmọ ló fẹ́ máa fi rò. Mo ní ₦9,500 ni wọ́n tà á fún mi, kí wọ́n mú ₦6,000 wá. Ó ní, “Màá gbé e lọ ná. Tí ògì ò bá jó mọ́ ọn nídìí, màá sanwó. Tó bá jó, màá gbé e padà fún ẹ.”

Kí n tó lanu, ó ti wé e mọ́ gèlè, ó ti rékọjá títì.

Ọjọ́ 14 ni mo fún wọn. Mò ń wá agolo tòmátò tí màá kó báírò sí.